Ẹ fi root tẹ route, ìyẹn ò ní kó wọ fáìlì

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ó sì tún ti dé o. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń bójú tó server ní Àbújá níbí, láti Wuse dé Utako dé Jabi, ìgbàgbọ́ kan ti wọ̀ wọ́n lára tí kò fẹ́ jáde: pé téèyàn bá ti fi root, ọ̀gá pátápátá orí ẹ̀rọ, wọlé sí Linux, tó tẹ `ip route add 10.40.0.0/16 via 192.168.10.2` láti fi route, ìyẹn ọ̀nà tí ìsọfúnni máa gbà, han server, tí ping tó fi dán an wò sì dé ọ́fíìsì Kàdúná tó padà wá, ó parí nìyẹn, server ti gbà á sínú, kò lè gbàgbé mọ́. Ẹ bá wọn jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, èsì wọn ò ju "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ṣe tèmi, ó ṣì wà ńbẹ̀" lọ.

Ó wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ẹ ti reboot ẹ̀ rí láàárín ọdún kan yẹn? Wọ́n á dákẹ́. Ẹ tẹ `uptime`, tó ń sọ bó ṣe pẹ́ tó tí server ti wà láìkú, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa sọ. NEPA mú iná lọ, íńfátà gbà á, bátìrì fẹ́ kú, jẹn gbà á lọ́wọ́ íńfátà, server ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń pè lẹ́rìí yẹn, ẹ̀rí pé íńfátà yín dáa ni.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí tó rọrùn. `ip route add`, tàbí `route add` ayé ọjọ́un, inú tábìlì tí kernel, ọkàn Linux gan-an, gbé sórí mẹ́mọ́rì ló ń kọ ọ́ sí, kò fọwọ́ kan dísìkì rárá. Owó tẹ́ ẹ fi sápò ṣòkòtò tó ń lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lọ́la ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó ti fi router Cisco jẹun rí pọ̀ nínú wọn, wọ́n mọ̀ dáadáa pé running-config (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) yàtọ̀ sí startup-config (èyí tó máa kà tó bá tún tan), wọn ò ní kúrò nídìí router láìtẹ `write memory` tó ń fi ti àkọ́kọ́ pamọ́ sínú èkejì, àmọ́ tí wọ́n bá ti dé ìdí Linux, wọ́n á ní ó ti wọlé. Kò tiẹ̀ sí `write memory` kankan níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀.

Kì í sì í ṣe àwọn yẹn ló ń dá mi lágara jù. Àwọn tó ti gbọ́ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀ ni, tí wọ́n á wá fọkàn balẹ̀ sọ pé "mo ti jù ú sí rc.local." Fáìlì àṣẹ tí server máa ń ṣe nígbà tó bá ń dìde nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí i. Rc.local ti Debian àti Ubuntu àtijọ́, `exit 0`, tó ń ní kó dúró níbẹ̀, ni ìlà tó gbẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀yin wá lo `echo` pẹ̀lú `>>` láti fi route yín kún un, ó bọ́ sábẹ́ `exit 0`. Ìlà tó bá wà lábẹ́ ibẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ láéláé, kò sì ní sọ fún yín. Ẹlòmíì gbé e sókè `exit 0` lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́ fáìlì yẹn ní `-e` lára, kí àṣẹ kan ṣoṣo ṣáà ti kọsẹ̀ níwájú, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ dúró. Ẹlòmíì ò ṣe `chmod +x` tó ń fún fáìlì láyè láti ṣiṣẹ́, systemd, tó ń tan gbogbo nǹkan nígbà tí server bá ń dìde, ò sì ní yà sí fáìlì tí kò bá ní in. Ká tiẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ pé, rc.local lè sáré ṣáájú kí interface (ojú ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó gba IP (àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀), kernel á wo gateway yín, 192.168.10.2 tí route ń gbà kọjá yẹn, kò mọ ọ̀nà débẹ̀, á ní "Network is unreachable", route yẹn ò wọlé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa tún un tẹ̀.

Èyí tí mo máa ń sọ títí ẹnu fi ń ro mí ni pé kì í ṣe reboot nìkan ló ń pa route. Ẹ gbé interface sílẹ̀ pẹ̀lú `ip link set eth0 down`, kẹ́ ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀, gbogbo route tó ń gba gateway níbẹ̀ ti lọ, server ò sì kú rárá. Lórí Ubuntu tó ń lo systemd-networkd láti bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: tí networkd bá tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bóyá torí àpdéètì tó wọlé lóru, route tí kò bá bá nínú fáìlì ẹ̀, àlejò ló máa kà á sí, á sì yọ ọ́, àfi tẹ́ ẹ bá ti kọ `ManageForeignRoutes=no`. Rc.local dà? Ó ti ṣe tiẹ̀ lọ́jọ́ tí server dìde, ó ti lọ sùn. Kàdúná á wá pè pé àwọn ò rí database, ẹ̀yin á máa bú ISP, ISP á ní ọ̀dọ̀ àwọn dáa, ìdajì ọjọ́ á sì lọ sórí àríyànjiyàn.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín wà nínú fáìlì? Ẹ tẹ `ip route` kẹ́ ẹ wo ìlà yẹn dáadáa. Èyí tí NetworkManager, ẹlẹgbẹ́ networkd, tàbí networkd fúnra ẹ̀ bá kà látinú fáìlì sábà máa ń ní `proto static` lára, èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ lásán kì í ní in. Ẹ má gbára lé e jù ṣá, torí ẹnikẹ́ni lè tẹ `proto static` mọ́ àṣẹ ẹ̀, mo sì mọ irú yín.

Ibi tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí, ó kù sí irú Unix tó wà níwájú yín. Netplan ni ti Ubuntu láti 17.10, abẹ́ `routes:` nínú fáìlì YAML ẹ̀, spacebar lẹ máa fi ṣí àyè sílẹ̀ o, kì í ṣe Tab. Red Hat ayé àtijọ́ ń ka `route-eth0`, ti ìsinsìnyí ń fẹ́ `nmcli connection modify` pẹ̀lú `+ipv4.routes`, ìyẹn á sì wọ fáìlì láìtíì wọ kernel títí tẹ́ ẹ máa fi ṣe `nmcli connection up`. FreeBSD, inú `/etc/rc.conf`, `static_routes="kaduna"`, lẹ́yìn náà `route_kaduna="-net 10.40.0.0/16 192.168.10.2"`. Mo ti rí ẹni tó kọ `route-eth0` rẹ́rẹ́ sórí Ubuntu. Fáìlì tí kò sẹ́ni tó ń kà á kì í pariwo.

Ká má purọ́ ṣá, ìgbàgbọ́ yìí ò ṣàdédé wáyé. Solaris ní `route -p add` tó ń mú kó dúró, Windows náà ní `-p` tiẹ̀, AIX sì ní `chdev` lórí `inet0` tó ń kọ ọ́ sínú ODM, ibi tó ń fi ètò ẹ̀ pamọ́ sí. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lórí irú ìwọ̀nyẹn, tó ní òun tẹ̀ ẹ́ ó sì dúró, mi ò lè pè é ní onírọ́. Bóyá ibi tó yẹ kí n fẹnu mọ́ ni pé `ip route add` tẹ́ ẹ tẹ̀ sórí Linux yẹn, tí kò sí nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀, òun ni mi ò ní fọkàn tán.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sílé ní Kubwa kẹ́ ẹ máa gbé interface sílẹ̀ látorí SSH (wíwọlé láti òkèèrè) tó gba interface yẹn kan náà wọlé. Lórí Ubuntu ẹ lo `netplan try`, tẹ́ ẹ ò bá tẹ Enter láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 120, ó máa dá a padà sí bó ṣe wà. Níbi tí kò bá sí irú ẹ̀, ẹ lọ jókòó síwájú server gan-an, kó má sì jẹ́ ọjọ́ Friday lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ tí ọ́fíìsì ti tú tán, tí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá server sì ti wà lọ́nà Lọ́kọ́jà, ó ń lọ sí Ìlọrin.