Ta Ló Ń San Owó Tí Kúpọ̀nù Yọ? Bí Ẹ̀dínwó Ọ̀sẹ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà

Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà kì í ṣe iye tí gbogbo èèyàn ń san. Ẹni méjì lè gbé irú ọṣẹ ìfọṣọ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan san dọ́là 8, kí èkejì san dọ́là 3, kò sì sí olè nínú wọn. Dọ́là 5 tó wà láàárín wọn kò dàwátì. Ẹnì kan wà tó san án. Oníbàárà tó bá mọ ẹni tó san án, àti ohun tí onítọ̀hún ń wá tó fi san án, ló máa mọ ìgbà tí ọjà wálẹ̀ lóòótọ́ àti ìgbà tó jẹ́ pé àwọ̀ pupa lásán ni wọ́n fi kọ iye rẹ̀.

Àpò méjì ni owó náà ti ń jáde. Àpò kìíní ni ti ilé ìtajà fúnra rẹ̀. Èkejì ni ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà: àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, kọfí, ìledìí ọmọ, oúnjẹ inú agolo. Ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ lè wá láti àpò kìíní nìkan, ó sì lè jẹ́ àdàlù méjèèjì. Kúpọ̀nù inú ìwé ìròyìn, ìwé pélébé tó ń yọ iye kan kúrò lórí ọjà, ní tirẹ̀, àpò kejì ló ti ń wá. Ìgbà tí àpò méjèèjì bá ṣí sórí ọjà kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ kan náà ni owó tó nítumọ̀ ń ṣẹ́ kù sọ́wọ́ oníbàárà.

Ìwé ìpolówó ọ̀sẹ̀ ló ń sọ ohun tí ilé ìtajà fẹ́ gbé wálẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, Ọjọ́rú ló ń bẹ̀rẹ̀, á sì parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Àwọn ilé ìtajà mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́jọ́ Àìkú tàbí lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọjà tí èrè orí wọn kéré jọjọ sí, tàbí èyí tí wọ́n tiẹ̀ ń tà ní àdánù: adìyẹ, ẹyin, wàrà, èso tó wà lásìkò. Tòlótòló ní ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ní oṣù Kọkànlá, ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Ilé ìtajà mọ̀ pé ẹni tó bá torí tòlótòló olówó pọ́ọ́kú wọlé yóò tún gbé bọ́tà, ìyẹ̀fun, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn tí iye wọn kò wálẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni àdánù ti ń padà wọlé. Oníbàárà tó bá ra tòlótòló nìkan tó sì kọrí sílé ló jèrè, àmọ́ irú wọn kò pọ̀, ilé ìtajà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ojú ewé inú yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà tó wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló sanwó kí àwòrán wọn lè wà níbẹ̀, tàbí kí ó gbà láti dá lára ẹ̀dínwó náà padà fún ilé ìtajà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Nítorí náà, bí ọjà ṣe wà nínú ìwé ìpolówó kò sọ pé ó rọjú. Ó lè jẹ́ pé ààyè ni wọ́n rà. Ibẹ̀ náà ni èèyàn ti ń rí "10 ní dọ́là 10", tó ń mú kí ọ̀pọ̀ kó mẹ́wàá sínú kẹ̀kẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, ẹyọ kan ń jẹ́ dọ́là 1 bákan náà, àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ gbangba pé dandan ni kí ó pé iye kan. Ti "ra kan, gba kan lọ́fẹ̀ẹ́" kò dúró sójú kan. Àwọn ilé ìtajà kan ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì owó, débi pé ẹni tó nílò ẹyọ kan lè fi ìdajì mú un lọ. Níbòmíràn, ẹni tó bá mú ẹyọ kan yóò san odindi. Kéèyàn béèrè ló dáa.

Bí ọjà tí wọ́n polówó bá ti tán kí oníbàárà tó dé, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Láti 1971 ni àjọ FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìṣòwò, ti ní ìlànà pé ilé ìtajà oúnjẹ tó bá polówó ọjà gbọ́dọ̀ ní in nílẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí ìpolówó náà fi wà, àyàfi tó bá ti sọ nínú ìpolówó pé kò pọ̀. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí ilé ìtajà lè gbà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn ni pé kó fún oníbàárà ní rain check, ìwé pélébé tó ń jẹ́ kó padà wá ra ọjà náà ní iye ẹ̀dínwó nígbà tó bá dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè fún un. Bẹ́ẹ̀ ìwé yìí lè sún ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ yìí síwájú títí kúpọ̀nù yóò fi jáde, àwọn tó mọ ìdí iṣẹ́ náà kì í sì í fi ṣeré.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìtajà ló ń gbé iye ọjà wálẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ báyìí. Walmart ti sọ ọ́ di ìlànà rẹ̀ pé iye ọjà òun máa ń kéré lójoojúmọ́, kì í gòkè sọ̀kalẹ̀. Aldi kì í gba kúpọ̀nù ilé iṣẹ́ rárá, torí pé ọjà tó ní orúkọ Aldi fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù lórí pẹpẹ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé iye sókè tí wọ́n sì ń gbé e wálẹ̀, bíi Kroger, ni ọgbọ́n kúpọ̀nù ti ń mówó wọlé jù. Níbẹ̀, ọjà kan náà máa ń yí padà sí ẹ̀dínwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan; àwọn tó ń ṣọ́ ọ sábà máa ń ka ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á ra èyí tó máa tó wọn lò títí ẹ̀dínwó yóò fi tún padà dé, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kó ìpara eyín tó máa lò fún ọdún mẹ́ta sílé kò fi owó pa mọ́. Ó kàn sọ ilé rẹ̀ di gọ̀dáánù tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún un.

Ó tó àkókò láti sọ ti kúpọ̀nù gan-an. Asa Candler, ọ̀gá Coca-Cola nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó lọ́nà tó tàn ká, nígbà tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí wọ́n lè mu ife kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Valassis bẹ̀rẹ̀ sí í kó kúpọ̀nù oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ pọ̀ sínú ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń kì bọ inú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú. Ìwé yẹn ti fúyẹ́ gan-an báyìí, torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ kúpọ̀nù kó lọ.

Kí nìdí tí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kò fi kúkú yọ dọ́là 2 kúrò lórí ọṣẹ rẹ̀ fún gbogbo ayé? Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe tán láti san iye tó wà nílẹ̀. Kúpọ̀nù jẹ́ asẹ́: ẹni tí dọ́là 2 jọ lójú yóò wá a, yóò gé e, yóò rántí mú un dání, ẹni tí kò kà á sí kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ náà gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí kì bá tí rà á, ó sì gba odindi lọ́wọ́ ẹni kejì. Wàhálà tó wà nínú kúpọ̀nù kì í ṣe àṣìṣe, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Àwọn kan tún máa ń jáde lára ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kaṣíà bí oníbàárà bá ra ọjà ilé iṣẹ́ kan, kí wọ́n lè fi fa á lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń bá a du ọjà.

Bí kaṣíà bá ti gba kúpọ̀nù bébà, ó di gbèsè tí ilé ìtajà fẹ́ gbà padà. Wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò kúpọ̀nù. Ọ̀pọ̀ kúpọ̀nù ni wọ́n kọ El Paso tàbí Del Rio sí gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì tí wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí, ìlú méjèèjì ní Texas létí ààlà Mẹ́síkò, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ṣíṣà wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì máa ń wáyé ní ìhà Mẹ́síkò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà yóò san iye tó wà lórí kúpọ̀nù fún ilé ìtajà, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 8 tí wọ́n sábà máa ń fi kún un fún wàhálà rẹ̀. Ìdí nìyí tí kaṣíà fi ń kọ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tàbí tí kò bá ọjà mu: bí wọ́n bá dá a padà láìsanwó, ilé ìtajà ló jẹ gbèsè náà. Àwọn lẹ́tà wínníwínní orí kúpọ̀nù tún máa ń sọ pé ìwé náà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì. Ẹni tó bá kó 100 jọ ni yóò gba sẹ́ǹtì 1. Àṣẹ́kù òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ni, láti ayé àwọn sítáǹbù tí ilé ìtajà ń fún oníbàárà kó lè kó wọn jọ fi gba ẹ̀bùn.

Báákóòdù kúpọ̀nù náà ti yí padà. Ti àtijọ́ kò lè gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ń sọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti ìdílé ọjà, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sì ń fi kúpọ̀nù ọjà ńlá ra ọjà kékeré. Ní 2011 ni àyípadà sí GS1 DataBar, irú báákóòdù tuntun, fìdí múlẹ̀, èyí tó lè gbé ọjọ́ tí kúpọ̀nù máa kú àti iye ẹyọ tí èèyàn gbọ́dọ̀ rà pọ̀. Ayédèrú kò tìtorí ìyẹn tán: ní 2021, ilé ẹjọ́ ní Virginia rán obìnrin kan lẹ́wọ̀n ọdún 12 nítorí ayédèrú kúpọ̀nù tí àdánù rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 31 dọ́là.

Ìṣirò ọṣẹ ìfọṣọ tá a kọ́kọ́ mẹ́nu bà rèé. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 8. Ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ gbé e wá sí 6, fún ẹni tó bá ní káàdì oníbàárà ilé ìtajà náà. Kúpọ̀nù ilé iṣẹ́ yọ 2, ó ku 4. Kúpọ̀nù ilé ìtajà fúnra rẹ̀ yọ 1, ó ku 3. Àwọn kúpọ̀nù méjì yìí lè bára wọn gbé lórí ẹyọ kan bí ìlànà ilé ìtajà bá gbà á, torí àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Kúpọ̀nù ilé iṣẹ́ méjì kò lè bára wọn gbé. Bí ilé ìtajà bá sọ pé òun á sọ kúpọ̀nù di ìlọ́po méjì, àpò tirẹ̀ ni ìlọ́po náà ti ń wá, èyí ló fà á tí ó fi sábà máa ń fi òdiwọ̀n sí i.

Owó orí ọjà náà mọ àpò méjèèjì yàtọ̀. Ní California àti New York, kúpọ̀nù ilé ìtajà ń dín iye tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí kù, ti ilé iṣẹ́ kì í dín in, torí ilé ìtajà ṣì máa gba owó yẹn. Lórí ọṣẹ wa, dọ́là 5 ni wọ́n á gba owó orí lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3 ni oníbàárà san.

Ìwọ̀n ọjà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ká ní ike ọṣẹ áúnsì 50 jẹ́ dọ́là 6, tí ti áúnsì 100 jẹ́ 11. Sẹ́ǹtì 12 ni áúnsì kan nínú kékeré, 11 nínú ńlá. Ńlá ló dáa. Ẹ yọ kúpọ̀nù dọ́là 2 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: kékeré di sẹ́ǹtì 8, ńlá di 9. Kúpọ̀nù ti yí èsì padà, nítorí iye kan náà ló ń yọ láìka bí ike ṣe tóbi sí. Èyí ló mú kí ilé iṣẹ́ máa kọ ọ́ pé kúpọ̀nù kò kan ike kóńkóló tí wọ́n ń gbé rìnrìn àjò. Bí ọṣẹ tó ní orúkọ ilé ìtajà fúnra rẹ̀ bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 50 fún áúnsì 50, ó borí ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú kúpọ̀nù ilé iṣẹ́, tó jẹ́ 4. Ìgbà tí kúpọ̀nù kejì, ti ilé ìtajà, bá wọlé nìkan ni ọṣẹ olórúkọ ń borí rẹ̀. Ní ti ẹ̀fọ́, ìrẹsì àti ẹran, kúpọ̀nù wọn ṣọ̀wọ́n, torí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ilé iṣẹ́ olórúkọ tó fẹ́ sanwó rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìpolówó ni ibi tí a ti ń rí ẹ̀dínwó wọn.

Kúpọ̀nù orí fóònù ń lo òfin kan náà, àmọ́ ó ń gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ oníbàárà: àkọsílẹ̀ ohun tó ń rà, èyí tí káàdì rẹ̀ ń tò jọ. Ó tún ti ẹni tí kò ní fóònù ìgbàlódé tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lò síta, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Nítorí èyí ni ìlú San Diego fi ṣe òfin ní 2025 pé ilé ìtajà tó bá gbé kúpọ̀nù sórí fóònù gbọ́dọ̀ ní ti bébà fún ẹni tó bá béèrè. Áàpù bíi Ibotta tún yàtọ̀: oníbàárà á san owó rẹ̀ pé, á fi rìsíìtì hàn, owó á wá wọlé sínú áàpù lẹ́yìn náà. Kúpọ̀nù orí fóònù gbọ́dọ̀ ti wà lórí káàdì kí kaṣíà tó pa ìṣirò dé. Ẹni tó bá rántí tẹ̀ ẹ́ nígbà tó dé ibi ọkọ̀ rẹ̀ ti san odindi.