Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Libertarian ní Amẹ́ríkà: Níbo Ni Ẹlẹ́kẹta Yóò Jókòó Sí?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1971, Ààrẹ Richard Nixon bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní fún 90 ọjọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ lé iye owó ọjà tàbí owó iṣẹ́. Ó tún ní Amẹ́ríkà kò ní máa fi wúrà gba dọ́là padà lọ́wọ́ àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn mọ́. Ọ̀pọ̀ ará ìlú pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí ọ̀wọ́n gógó ti sú wọn. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Colorado, inú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ David Nolan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ru gidigidi. Nixon kì í ṣe Democrat o. Ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni, ẹgbẹ́ tí kì í yé wàásù pé kí ìjọba fi ọjà sílẹ̀ fọ́lọ́jà. Nígbà tó di 11 oṣù Kejìlá, wọ́n pàdé nínú ilé kan ní Colorado Springs, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Libertarian sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò lọ́jú pọ̀. Àgbàlagbà ló ni ara rẹ̀, òun náà ló ni èrè òógùn ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni kó dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè, oníjìbìtì àti apànìyàn, kó sì dúró níbẹ̀. Ohun tó ń tà, ohun tó ń mu, ẹni tó fẹ́ fi ṣaya, kò kan ìjọba. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ méjì tó ń gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn ti pín ìgbàgbọ́ yìí bí ẹran Iléyá. Republican gbé apá tó jẹ mọ́ owó orí àti òwò. Democrat gbé apá tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìgbé ayé ẹni, ó kéré tán lórí ahọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ odindi kò rí ẹni tí yóò dìbò fún. Lọ́dún yẹn kan náà, Nolan tẹ àwòrán kan jáde: dípò ìlà kan ṣoṣo láti òsì sí ọ̀tún, ó lo ìlà méjì, ọ̀kan fún òmìnira nínú ọ̀rọ̀ owó, èkejì fún òmìnira nínú ọ̀rọ̀ ara ẹni. Àwọn èèyàn ṣì ń lo àwòrán náà títí dòní.

Ìjà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Nolan ti ṣiṣẹ́ fún Barry Goldwater, olùdíje Republican ní 1964, nígbà tó wà ní yunifásítì MIT. Ní 1969, níbi ìpàdé YAF, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ti Goldwater lẹ́yìn, ní St. Louis, ọ̀kan nínú wọn dáná sun káàdì tí ìjọba fi ń kó ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun ní tipátipá. Ariwo sọ, ìyapa sì dé láàárín àwọn tó fẹ́ òmìnira pátápátá àtàwọn yòókù.

Àwa tí a rántí SDP àti NRC mọ ẹgbẹ́ méjì tí ìjọba ológun fi àṣẹ gbé kalẹ̀ ní 1989. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀; kò sófin tó ní ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ọ̀nà ìdìbò ló ń ṣe é: ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀, ẹni tó bá ní ìbò jù ló kó gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣòfin iye ìbuwọ́lùwé tí ẹgbẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ kó jọ kí orúkọ rẹ̀ tó lè wọ inú ìwé ìdìbò.

Nítorí náà, ní 1972, ìpínlẹ̀ méjì péré, Colorado àti Washington, ni orúkọ olùdíje wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Hospers, ti jáde. Ìbò 3,674 ló ní. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn dé nìyí: ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣojú tí ìpínlẹ̀ yàn ló ń dìbò yan ààrẹ gan-an. Nixon gbégbá orókè ní Virginia, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn aṣojú Republican níbẹ̀, Roger MacBride, kọ̀ láti dìbò fún un. Ó dìbò fún Hospers àti igbákejì rẹ̀, Tonie Nathan. Bí Nathan ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú ìbò yẹn nínú ìtàn Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ Nixon bí ló já ìbò kan gbà lọ́wọ́ Nixon.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìbò tó lé ní 920,000 ní 1980 pẹ̀lú Ed Clark, àti nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ní 2016 pẹ̀lú Gary Johnson, gómìnà New Mexico tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni òkè téńté wọn, kò sì ju ìdá mẹ́ta àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ní irú ìgbàgbọ́ yìí ṣùgbọ́n tó dúró sínú Republican, wà nínú ìgbìmọ̀ tó dámọ̀ràn pé kí wọ́n dẹ́kun fífi tipátipá múni wọṣẹ́ ológun; ní 1973 ó dópin, lábẹ́ Nixon yẹn kan náà. Ron Paul díje fún ipò ààrẹ lábẹ́ Libertarian ní 1988, ó pàdánù. Ó padà sínú Republican, ó sì wọ ilé aṣòfin lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ igbó mímu ńkọ́? Ní 2012, àwọn ará Colorado àti Washington ló kọ́kọ́ fi ìbò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu fún fàájì, ìpínlẹ̀ méjì tí orúkọ Hospers ti jáde lẹ́ẹ̀kan rí. Lójú tèmi, àwọn tó wọ inú ẹgbẹ́ ńlá rí ọjà tà ju àwọn tó dúró síta lọ.

Agbára tó kù fáwọn tó wà níta ni kí wọ́n ba ìṣirò jẹ́. Ní Georgia lọ́dún 2022, ìdá bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí Chase Oliver, olùdíje Libertarian, mú kò jẹ́ kí Raphael Warnock ti Democrat tàbí Herschel Walker ti Republican ní ju ìdajì ìbò lọ nínú ìdíje sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ni wọ́n bá padà sí ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí Donald Trump fi tọ̀ wọ́n lọ níbi àpéjọ wọn ní oṣù Karùn-ún 2024. Wọ́n hó lé e lórí, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé òun yóò tú Ross Ulbricht, ẹni tó dá Silk Road, ọjà oògùn olóró orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́, sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó tú u sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025. Chase Oliver ló gbé àsíá Libertarian nínú ìbò ààrẹ ọdún 2024 náà, kò sì rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mú.