Iye tó wà lójú fóònù kọ́ ni iye tó ṣeé ná

Ọkùnrin kan jókòó síwájú mi lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ó na fóònù rẹ̀ sí mi kí n wo iye tó wà nínú akáǹtì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó fúnra yín. Ṣé akáǹtì ẹni tí ò lówó nìyí?" Lóòótọ́, owó ń bẹ níbẹ̀. Àmọ́ lópin oṣù gbogbo ló ń yá owó lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ohun tó sì gbé e wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn.

Mo fún un ní bébà àti bírò. Mo ní ká pe gbogbo iye náà ní 100, ká wá máa kọ ohun tó ń dúró dè é sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó 38. Owó ilé, tí onílé ò tíì béèrè àmọ́ tí oṣù tó ti kọjá ti jẹ sílẹ̀, kó 31. Gbèsè àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ san lọ́jọ́ Ẹtì kó 12. Iná àti omi kó 9. Ó rò ó pọ̀, ó yọ ọ́ kúrò, ó ku 10. Ó tún un ṣe, 10 náà ni. Ó wá gbé fóònù náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe àpà. Akáǹtì kan ṣoṣo ló ní, akáǹtì kan ṣoṣo ò sì lè dáhùn ju ìbéèrè kan lọ: èló ló wà níbí? Ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ nígbà tó bá dúró níwájú ọlọ́jà ni: èló ni mo lè ná? Ìkíní ni fóònù ń dáhùn, òun sì ń gbọ́ ọ bí ìdáhùn ìkejì.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé máa ń sọ pé owó ò lórúkọ: èyí tó wà lápò ọ̀tún àti èyí tó wà lápò òsì, nǹkan kan náà ni wọ́n lè rà. Ọmọ aráyé ò rí i bẹ́ẹ̀. Richard Thaler, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lọ́dún 2017, ti kọ̀wé lọ́dún 1985 nípa bí a ṣe ń pín owó sí yàrá yàrá nínú orí wa. Ó máa ń sọ ìtàn òṣèré méjì, Gene Hackman àti Dustin Hoffman, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ò rí já jẹ. Hoffman wá yáwó lọ́wọ́ Hackman, Hackman sì gbà. Ó ṣe, Hackman wọ ilé ìdáná Hoffman, ó bá ìgò tí wọ́n tò síbẹ̀, owó wà nínú wọn, wọ́n sì lẹ orúkọ mọ́ wọn lára: owó ilé, owó báyìí, owó báyìí. Ó ní, "Owó rè é, kí lo tún ń yáwó ṣe?" Hoffman nawọ́ sí ìgò tí wọ́n kọ oúnjẹ sí lára. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìtàn yìí máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Kì í pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yáwó oúnjẹ ṣì ní ilé tó máa jókòó jẹ ẹ́ sí. Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń já wa kulẹ̀ ni ibi tí gbèsè elélèé bá wà: ẹni tó jẹ gbèsè tó ń gun ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tó wá ń kó owó jọ síbi tó ń mú ìdá 6 wá, 18 ló ń sọ nù lọ́dún lórí gbogbo 100 tó bá tọ́jú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó fi díẹ̀ sílẹ̀ de ìṣòro òjijì, kó kó ìyókù lọ pa gbèsè náà. Lẹ́yìn náà ká tó máa sọ̀rọ̀ akáǹtì púpọ̀.

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí. Akáǹtì àkọ́kọ́ ni owó oṣù ń gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń pè é, torí pé kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà sùn. Ẹ má gba káàdì fún un. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ fi í sílé. Lọ́jọ́ kejì tí owó bá wọlé ni kó ti máa lọ síbi tó ń lọ, kó má sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa jókòó pín in. Ọ̀pọ̀ báǹkì gbà kí ẹ pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n máa gbé iye báyìí lọ sí akáǹtì báyìí ní ọjọ́ báyìí lóṣooṣù. Ohun tí a bá ní ká fi sílẹ̀ dìgbà tó bá rọrùn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń parí.

Akáǹtì kejì wà fún gbèsè tó mọ ọjọ́ rẹ̀: iná, omi, íntánẹ́ẹ̀tì, owó tí ẹ ń san padà fún báǹkì, owó ilé bó bá jẹ́ olóṣooṣù. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e, torí owó iná kì í dúró sójú kan. Ó tán.

Ẹ̀kẹta ni ti ìnáwó ojoojúmọ́, òun nìkan ni káàdì ẹ̀ ń wà lápò. Ẹ má da owó oṣù kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un. Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká sọ pé 52 lẹ yà sọ́tọ̀ lóṣù fún oúnjẹ, ọkọ̀ wíwọ̀ àti wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ilé. Ẹni tó bá sáré fi mẹ́rin pín in, 13 ló máa rí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó jọ pé ó tọ̀nà. Àmọ́ oṣù méjìlá lọ́nà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 48 ni, ọ̀sẹ̀ 52 ló sì wà nínú ọdún. Owó tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọdún jẹ́ 624. Èyí tẹ́ ẹ máa ná tẹ́ ẹ bá ń ná 13 lọ́sẹ̀ jẹ́ 676. Owó oṣù kan gbáko ti wọlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa mọ ibi tó gbà. Ẹ fi 12 sọ iye oṣù kan di púpọ̀, kẹ́ ẹ tó fi 52 pín in. Ìdáhùn tó tọ́ níbí jẹ́ 12. Ọjọ́ Ajé ni mo sì máa ń ní kó wọlé; owó tó bá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa jẹ ẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí ni ẹ̀kẹrin, akáǹtì ọlọ́dún. Òun ló wà fún ohun tí kì í wá lóṣooṣù: owó ilé-ìwé, adójútòfò, àtúnṣe ọkọ̀, ìwé-ẹ̀rí tó fẹ́ parí, owó ilé ọlọ́dọọdún. Kò sí àjálù kankan nínú wọn. A ti mọ̀ wọ́n láti èṣí, síbẹ̀ bí àlejò òru ni wọ́n ń dé bá wa. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé "oṣù yìí ló kàn le," mo máa ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó ṣáájú. Oṣù yẹn náà le. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ni wọ́n bá para pọ̀ di gbogbo ọdún.

Ẹ gba àkọsílẹ̀ oṣù méjìlá lọ́wọ́ báǹkì, kẹ́ ẹ fi bírò pupa yí gbogbo ohun tí kò wá lóṣooṣù po. Ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ fi 12 pín in. Iye yẹn ló máa ń bọ́ sínú akáǹtì ọlọ́dún ní gbogbo oṣù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ọdún àkọ́kọ́, torí pé gbèsè ò ní dúró de oṣù méjìlá yín. Bí owó kan bá jẹ́ 60, tó sì ku oṣù márùn-ún kí wọ́n béèrè rẹ̀, 12 lẹ gbọ́dọ̀ máa kó síbẹ̀ lóṣooṣù báyìí, kì í ṣe 5. Tẹ́ ẹ bá ti san án tán, ó di 5, torí pé oṣù méjìlá ló tún kù. Àwọn èèyàn máa ń sá lóṣù kẹta, wọ́n á ní ètò yìí ti le jù. Pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ló le.

Ẹ máa yọ owó kúrò níbẹ̀ fún ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nígbà míì. Mi ò ní purọ́ fún yín. Níbi tí báǹkì ti ní kẹ́ ẹ kọ ìdí, ẹ má kọ "owó". Ẹ kọ "bàtà tí mo rí". Ẹ wá kà á lópin ọdún.

Owó pàjáwìrì, báǹkì mìíràn ni kó wà. Bí káàdì bá sọ nù, tàbí tí báǹkì fura sí nǹkan kan tí wọ́n ti akáǹtì yín pa fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo akáǹtì tẹ́ ẹ ní níbẹ̀ lè jọ dákẹ́ pọ̀. Ó tún ní ìdí kejì. Níbi púpọ̀, bí báǹkì bá kógbá sílé, àjọ kan wà tó ń dá owó àwọn èèyàn padà dé ìwọ̀n kan, bíi FDIC tí Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1933. Lápapọ̀, orí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú báǹkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka ìwọ̀n yẹn sí, kì í ṣe orí akáǹtì. Akáǹtì mẹ́ta tẹ́ ẹ ní fúnra yín nínú báǹkì kan náà, ẹyọ kan ni lójú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣí mẹ́sàn-án o. Mo ti ṣe é rí. Mo ní ti aṣọ, ti ìrìn-àjò, ti ìwé. Lọ́jọ́ kan, adójútòfò ọkọ̀ wá gba owó rẹ̀ nínú akáǹtì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó wà nínú mẹ́ta mìíràn. Báǹkì mú owó ìtanràn, ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà mú tiwọn. Èyí tí mo ṣí fún ìwé, mo gbàgbé ẹ̀ títí wọ́n fi tì í pa, mo sì lo ìdajì ọjọ́ lórí ìlà kí wọ́n tó ṣí i fún mi. Bí akáǹtì ò bá ní ìbéèrè tirẹ̀ tó ń dáhùn, ẹ pa á rẹ́. Bí báǹkì yín bá sì ń gba owó ìtọ́jú lórí akáǹtì kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá áàpù wọn ní ibi tẹ́ ẹ ti lè pín akáǹtì kan sí kóló kéékèèké. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ti tọkọtaya ló máa ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi. Àbá mi ni pé kí akáǹtì ilé jẹ́ ti àwọn méjèèjì, kí kálukú sì ní tirẹ̀ tí ẹnì kejì ò ní máa béèrè ohun tó fi rà. Ìjà wà lórí iye tí kálukú máa mú wá. Ká ní ọ̀kan ń gba 70, èkejì ń gba 30, tí ilé sì ń jẹ 60. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, 30 ni kálukú máa san: ó ku 40 lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì ò ní kọ́bọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pín in gẹ́gẹ́ bí agbára, 42 àti 18 ni, 28 á ṣẹ́ kù fún ọ̀kan, 12 fún èkejì. Ẹni tó sì wà nílé tó ń tọ́jú ọmọ, tí kò gba owó oṣù, owó tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà láìjẹ́ pé ó ń tọrọ rẹ̀. Mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórí ìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé akáǹtì alájọní, ẹ béèrè nǹkan méjì. Ṣé ẹnì kan lè dá gba owó, àbí àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i? Bí ọ̀kan bá kú ńkọ́? Akáǹtì tó wà lórúkọ ẹnì kan ṣoṣo, báǹkì sábà máa ń tì í títí ìwé òfin á fi jáde, àwọn ará ilé á sì máa wò ó lókèèrè. Ti alájọní máa ń rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì. Bí akáǹtì náà bá sì wọ gbèsè, báǹkì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú yín.

Ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé, kó jẹ́ kí akáǹtì ẹnu ọ̀nà máa gba gbogbo rẹ̀ dúró, kó sì máa san owó oṣù fún ara rẹ̀ látibẹ̀. Iye oṣù tó burú jù nínú méjìlá tó kọjá ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó ni fóònù padà wá lóṣù tó kọjá. Ó tún nà án sí mi. Èyí tó wà níbẹ̀ kéré débi tí mo fi rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ní rárá, ti ojoojúmọ́ ni mò ń wò, gbogbo rẹ̀ ló sì lè ná kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ó wá bi mí bóyá ó lè ṣí ọ̀kan sí i fún bọ́ọ̀lù.