Agbádá òfì àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí: ṣé ó yẹ kéèyàn náwó télọ̀ láti tún un rán?

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún télọ̀ rárá, ẹ tẹ́ ẹ síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a láti ọdún gbọ́nhan, ẹ wo abíyá níbi tí òógùn ti ń gbẹ sí, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á díẹ̀. Tó bá dún pẹ́rẹ́, òwú yẹn ti kú nìyẹn, kò sí télọ̀ tó lè jí i, owó tẹ́ ẹ bá ná sí i á ṣòfò ni.

Tí òwú bá ṣì le, ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an. Òfì kì í ṣe aṣọ yàádì, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, ìbú ẹ̀ bí íǹṣì 4, wọ́n á wá rán an mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ti dì látìgbà tí wọ́n ti ń hun ún, torí náà téèyàn bá tú ojú ìránṣọ yẹn, aṣọ ò ní rẹ́ dànù, àmọ́ tí wọ́n bá ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ ní ìdábùú, òwú á máa yọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní láti ká a, wọ́n á tún fi láínì tì í lẹ́yìn, ibẹ̀ lowó ti ń gorí owó.

Ìdí nìyẹn tí dídín ìbú agbádá kù fi rọrùn: wọ́n á yọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ọ̀tún, tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá òsì, ó parí (ẹ gba èyí tí wọ́n yọ padà o, ó máa ń tó fìlà). Tó bá gùn jù, kí wọ́n ká a sínú, kí wọ́n má gé e. Fífẹ̀ ẹ́ ló ṣòro díẹ̀, torí òwú tuntun kì í bá àwọ̀ àtijọ́ mu, pàápàá ẹtù, ìyẹn òfì aláró, tí aró ẹ̀ ti ṣá. Tí ìborùn tàbí ìpèlé tí wọ́n hun pẹ̀lú ẹ̀ bá ṣì wà, inú ẹ̀ ni kí wọ́n ti mú.

Ọrùn ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fọwọ́ ṣe síbẹ̀, téèyàn bá tú u, ihò abẹ́rẹ́ á kù, títún un ṣe sì lè wọ́n ju gbogbo ìyókù lọ. Tó bá jẹ́ pé ọrùn ló gbọ́dọ̀ yí kó tó wọ̀ yín, ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, ẹ ní kí télọ̀ dá owó títú àti owó rírán sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè iye tí wọ́n ń hun tuntun lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn. Tó bá jẹ́ sányán gidi, èyí tí wọ́n fi òwú ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó hun, ẹ má fi wé tuntun rárá, torí èyí tó pọ̀ jù lọ́jà báyìí, àwọ̀ sányán nìkan ló ní. Sányán gidi yẹn, mo gbà pé ó yẹ kéèyàn náwó lé e. Kí télọ̀ kọ́kọ́ tú bí ìka kan lójú yín ná, tó bá ń fi réésà ya á wàràwàrà, ẹ gba aṣọ yín.