Ẹ Kọ Ìdáhùn Tó Dára Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Pe Olùwáṣẹ́ Wọlé

Òṣìṣẹ́ kan fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n tètè wá ẹlòmíràn. Wọ́n fa ìkéde iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde, wọ́n yí déètì orí rẹ̀ padà, wọ́n gbé e síta. CV wọlé rẹpẹtẹ, wọ́n pe ẹni mẹ́fà, ọ̀gá bá kálukú sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, ó sì mú ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin, iṣẹ́ kò lọ bó ṣe yẹ, ẹni tí wọ́n gbà náà sì ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Wọ́n á ní kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yẹn kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, kò sì sẹ́ni tó sọ irú ìdáhùn tó yẹ kó gba máàkì kí ojú tó kan ojú.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ló yẹ kí ẹ gbà, nítorí ohun tí wọ́n máa sọ ni “ẹni tó já fáfá, olóòótọ́, ẹni tó lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀”, ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo iṣẹ́ ayé mu tí kò sì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ròyìn ọjọ́ kan tí iṣẹ́ náà bàjẹ́ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́, àti ọjọ́ kan tí ẹnìkan ṣe é débi tí gbogbo èèyàn fi kíyè sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni ẹni náà ṣe? Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? John Flanagan, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tó bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1954, a kò sì tíì rí èyí tó rọrùn jù ú lọ.

Tí ẹ bá gba ìṣẹ̀lẹ̀ bí ogún jọ lẹ́nu èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ó rí i pé àwọn kan jọra wọn. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Ohun tó máa ń jáde ni pé kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ títí dé òpin, kó má bínú nígbà tí wọ́n bá ń bú u, kó lè sọ òótọ́ nípa ohun tí iléeṣẹ́ kò lè ṣe, kó sì máa kọ àdéhùn sílẹ̀ kó má gbàgbé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ èèyàn kúrò nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lo ètò kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ yín ṣeé kọ́. Sùúrù níwájú ẹni tó ń pariwo kò ṣeé fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ̀yin ń wá, òun nìkan ló sì yẹ kó jẹ́ kàn-ń-pá nínú ìkéde.

Ibi ìkéde yìí ni “ìrírí ọdún márùn-ún, ó kéré tán” ti máa ń yọjú, láìsí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Frank Schmidt àti John Hunter, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, kó ìwádìí ọdún 85 jọ ní 1998, wọ́n wo bí ohun tí wọ́n fi ń yan òṣìṣẹ́ ṣe bá bó ṣe ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà mu. Tí 0 bá dúró fún ohun tí kò sọ nǹkan kan fúnni, tí 1 sì dúró fún ohun tí kì í tàsé, iye ọdún ìrírí gba 0.18. Nígbà tí Paul Sackett, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá bíi tiwọn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà yẹ̀ wò ní 2022, kò dé 0.1 mọ́. Èèyàn lè ti ṣe iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́wàá kó má tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Dípò iye ọdún, ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣe rí. Ẹ kọ owó oṣù rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, àti wákàtí iṣẹ́, àti iye ìgbésẹ̀ tí olùwáṣẹ́ máa là kọjá. Iléeṣẹ́ tó bá fi owó oṣù pamọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ẹni tó máa ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ náà níkẹyìn.

Nígbà tí CV bá dé, kí ẹnìkan tí kò sí lára àwọn tó máa yan èèyàn bo orúkọ, fọ́tò, ọjọ́ orí àti àdírẹ́sì mọ́lẹ̀, kó fi nọ́ńbà rọ́pò wọn. Èyí kì í ṣe àṣejù rárá. Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi nǹkan bí 5,000 CV ránṣẹ́ sí àwọn ìkéde iṣẹ́ ní Boston àti Chicago, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004. Kò sí ìyàtọ̀ nínú ohun tí ẹni orí ìwé náà mọ̀ ọ́n ṣe. Orúkọ ni wọ́n yí. CV mẹ́wàá tó jẹ́ orúkọ àwọn aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀ máa ń mú ìpè kan wá. Tó bá jẹ́ orúkọ àwọn adúláwọ̀ ni, ó tó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìpè kan ṣoṣo tó dé. Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ ló máa gbà yín. Ní 2018, iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters ròyìn pé Amazon, iléeṣẹ́ tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti pa ẹ̀rọ kan tì tí wọ́n ṣe láti máa fún CV ní máàkì. CV ọdún mẹ́wàá, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin, ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í já máàkì CV tí ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí obìnrin bá wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló kọ́.

Kí èèyàn méjì ka CV náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ohun kàn-ń-pá kọ̀ọ̀kan, 0 ni fún ẹni tí kò fi ẹ̀rí kankan hàn, 1 fún ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ kò kún, 2 fún ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ hàn kedere. Níbi tí máàkì wọn bá ti yàtọ̀, wọ́n á jọ tún ìwé náà kà. Àkókò tí èèyàn kò fi ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ já máàkì kankan, nítorí kò sọ ohun tó lè ṣe tàbí ohun tí kò lè ṣe fún yín.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló kàn, ibẹ̀ ni owó àti àkókò ti ń ṣòfò jù. Àwọn ọ̀gá kan á ní ojú lọ̀rọ̀ wà, pé bí àwọn bá ti rí èèyàn báyìí, àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni bí ẹni náà ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe múra, àti bóyá ó jọ wọ́n. Nínú ìṣirò Sackett ti 2022 yẹn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó létò gba 0.42, òun ló ga jù lọ nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n wò; èyí tí kò létò gba 0.19. Yàrá kan náà, àga kan náà, wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n ìkan ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì.

Ohun tó ń jẹ́ létò kò le. Ìbéèrè kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wá, bó ṣe tò tẹ́lé ara wọn, àti ìwé máàkì tí ẹ ti kọ ṣáájú. Ìbéèrè mẹ́fà sí mẹ́jọ ló máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí 60. Ẹ mú wọn jáde láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ ogún tí ẹ kó jọ yẹn. Àwọn kan á béèrè ohun tí èèyàn ti ṣe rí: “Ẹ sọ ìgbà kan tí ẹ ní láti sọ fún oníbàárà pé ohun tó ń fẹ́ kò ṣeé ṣe.” Àwọn yòókù á gbé ọ̀ràn kalẹ̀, ìwọ̀nyí ló sì dára jù fún ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Àpẹẹrẹ kan rèé:

“Oníbàárà kan pè, ó ń pariwo. Ó ti sanwó láti ọ̀sẹ̀ méjì, ọjà rẹ̀ kò dé. Ẹ wo kọ̀ǹpútà, ẹ rí i pé ẹlẹgbẹ́ yín kan ti ṣèlérí fún un pé àná ló máa dé, bẹ́ẹ̀ ọjà náà kò tíì kúrò ní ilé ìkẹ́rù. Kí lẹ máa sọ, kí lẹ sì máa ṣe?”

Ẹni tó bá di ẹ̀bi ru ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tó ṣèlérí pé ọ̀la ni kí oníbàárà ṣáà lè dákẹ́, gba 1. Ẹni tó tọrọ àforíjì, tó sọ ibi tí ọjà wà ní òótọ́, tó sì ní òun máa wádìí, gba 3. Ẹni tó gba 5 máa jẹ́ kí oníbàárà sọ tinú rẹ̀ tán, kò ní dárúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á sọ òótọ́, á kàn sí ilé ìkẹ́rù kó tó dá ọjọ́ kankan, á sọ àkókò tí òun fúnra òun máa pè padà, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. 2 àti 4 wà fún ẹni tó bọ́ sí àárín. Ẹ kọ irú èyí fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dé orí ìbéèrè tí ẹ kò lè kọ ìyàtọ̀ 1 sí 5 fún, ẹ yọ ọ́, “Níbo lẹ máa wà ní ọdún márùn-ún sí i?” ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè ìtẹ̀síwájú náà sílẹ̀ pẹ̀lú, bíi “Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?”, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn nìkan lẹ máa ràn lọ́wọ́.

Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló tó láti jókòó bi olùwáṣẹ́ ní ìbéèrè. Kálukú á kọ ohun tó gbọ́, á sì fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀: ní 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun ń fún ọmọ abẹ́ wọn ní máàkì, ẹni tí wọ́n bá ti rí bí ẹni rere lórí ohun kan, wọ́n á fún un ní máàkì gíga lórí ohun gbogbo, títí kan bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ dáadáa lè jẹ́ kí ẹ gbàgbé pé kò dáhùn ìbéèrè kẹrin. Nígbà tí ẹ bá wá ń jíròrò, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀, ta ni yóò ta kò ó? Níbi tí máàkì bá ti fi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀, ẹ padà sí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ rántí. Lẹ́yìn náà, ẹ ro gbogbo máàkì náà pọ̀.

Ẹ̀sùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé èyí á mú kí ọ̀rọ̀ gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kí èèyàn dáadáa, ẹ fún un lómi, ẹ ṣàlàyé bí nǹkan ṣe máa lọ; ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kò ní máàkì. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn sílẹ̀ kí òun náà béèrè tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń rí ìbàlẹ̀ ọkàn nínú ìjókòó tó bá mọ bó ṣe máa lọ.

Àwọn ìbéèrè kan kò yẹ kó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó, ṣé ẹ máa bímọ láìpẹ́, ẹ̀sìn wo lẹ ń ṣe, àìsàn wo ló ń ṣe yín. Òfin ka ọ̀pọ̀ nínú wọn léèwọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọn kò sì sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́. Tí iṣẹ́ yín bá gba Sátidé méjì lóṣù, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè nìyẹn, lọ́wọ́ ọkùnrin àti obìnrin bákan náà.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni náà ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ ọ̀hún. Fún àpẹẹrẹ wa yìí, ẹ fún un ní lẹ́tà ẹ̀sùn mẹ́ta, kó fèsì wọn láàárín ìṣẹ́jú 40. Iṣẹ́ kan náà, àkókò kan náà, ìwé máàkì tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí iléeṣẹ́ gbé iṣẹ́ tó fẹ́ lò lóòótọ́ fún olùwáṣẹ́ mẹ́fà, kó lò ó, kó má sì san kọ́bọ̀. Olè ni. Tí ìdánwò yín bá ju wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ sanwó rẹ̀.

Àwọn tí olùwáṣẹ́ fi orúkọ wọn sílẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, nítorí náà ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀, ọdún tó fi ṣe é, àti ohun tó nílò ìrànlọ́wọ́ lé lórí jù. Ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn yẹn máa wúlò fún ẹni tó máa kọ́ ọ níṣẹ́.

Ẹ fi àbájáde ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ kò mú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ ìdí rẹ̀ láti inú ìwé máàkì. Wọ́n ti fi ọjọ́ wọn ṣòfò nítorí yín, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe èsì.

Kí ẹ wá tọ́jú ìwé máàkì náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ẹ gbà ṣe ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè sí ìbéèrè. Ìgbanisíṣẹ́ kan kò tó láti dájọ́, ṣùgbọ́n tó bá di mẹ́wàá tàbí méjìlá, ẹ ó rí ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń gba 4 lé lórí, ẹni tó dára àti ẹni tí kò dára. Èyí tí ẹ máa yọ nìyẹn, kí ẹ sì fi ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ òmíràn dípò rẹ̀.