Ghezo ò bá òwò ẹrú jà o

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí a bá ti dárúkọ àwọn obìnrin ológun Dàhọ̀mì, ìjọba àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, báyìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kétu níbí á ní àwọn yẹn ló gbógun ti òwò ẹrú, pé Ghezo, ọba Dàhọ̀mì, gan-an kórìíra ẹ̀. Inú fíìmù The Woman King tó jáde lọ́dún 2022 ni wọ́n ti rí i. Pé Dàhọ̀mì ń kó èèyàn tà ní èbúté Ouidah, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú, Kétu wa tí ogun Glele, ọmọ Ghezo tó jọba lẹ́yìn ẹ̀, jó lọ́dún 1886 tó sì kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ Abomey, olú-ìlú Dàhọ̀mì, ò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ nìyẹn.

Epo pupa ló ń dùn mí. Nínú fíìmù yẹn, olórí ogun obìnrin ń rọ ọba pé kó pa òwò ẹrú tì, epo ni kó máa tà. Ó dáa, ta ló ń kọ ẹyìn? Ta ló ń ṣe epo, ta ló ń rù ú láti òkè dé etí òkun? Àwọn tí wọ́n kó lójú ogun náà ni, oko ọba, oko ìjòyè, oko oníṣòwò ńlá, àwọn ni wọ́n ń lò níbẹ̀, torí náà bí epo ṣe ń tà sí i, wọ́n ṣì nílò ẹrú nílé, ogun ò sì lè dáwọ́ dúró. Epo ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ghezo tí de Souza, oníṣòwò ẹrú, ràn lọ́wọ́ kó tó gorí oyè lọ́dún 1818! Abẹ́òkúta lé e padà lọ́dún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá dí etí òkun mọ́ ọn, ìyẹn ló jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú lọ́dún 1852. Síbẹ̀ lọ́dún 1860, ọkọ̀ Clotilda ṣì kó nǹkan bí 110 èèyàn ní Ouidah lọ Alabama. Kossola, ọmọ ìhà Bantè, wà nínú wọn, ó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé obìnrin ológun wà lára àwọn tó ya wọ ìlú àwọn.

Àwọn obìnrin yẹn láyà, mi ò jiyàn, wọ́n kojú ìbọn Faransé lọ́dún 1892, bóyá ère 30 mítà tó wà ní Kútọnu yẹn tọ́ sí wọn. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn kan láàfin fẹ́ epo ju ẹrú lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi fíìmù yẹn dáhùn ìdánwò ìtàn.