Ẹni tó ń sun ọjà, káńsù ni òfin fi lé lọ́wọ́

Bí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò rílé sùn bá délẹ̀ ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀nà Abuja tàbí Lokoja ni ẹgbẹ́ ìlú sábà máa ń gbà. Wọn a lọ kí sẹ́nétọ̀, wọn a ya fọ́tò, wọn a gba ìlérí, wọn a sì padà sílé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè rere ń kú sí, nítorí kì í ṣe ọwọ́ sẹ́nétọ̀ ni òfin fi iṣẹ́ náà sí.

Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ilé fún àwọn aláìní àti aláìlera wà nínú rẹ̀, ìlà kan náà ni ó wà pẹ̀lú itẹ́ òkú. Ọjà àti gáréèjì wà níbẹ̀, iná ojú pópó náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sùn, ìsọ̀ tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀, gáréèjì tó ń sá wọ̀ bí òjò bá dé, àti iná tó yẹ kó tàn sí gbogbo wọn, ọwọ́ kan ṣoṣo ni òfin kó wọn lé. Ọwọ́ yẹn, ìyẹn káńsù ìjọba ìbílẹ̀, wà ní Kabba, ní Iyara, ní Isanlu, ní Odo-Ere àti ní Mopa. Ọgbọ́n ńlá ni ẹni tó to ètò yìí lò. Àwa ni a kì í lò ó.

Káńsù kò lè dá ọlọ́pàá sílẹ̀, nítorí abala 214 ìwé òfin náà ti sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní. Àwọn kan wá rò pé káńsù kò ní ipa kankan nínú ààbò, bẹ́ẹ̀ iná ọjà àti ilé fún aláìní náà jẹ́ ara ààbò. Láti ìgbà tí ajínigbé ti ń yọ Yagba àti Bunu lẹ́nu, kì í pẹ́ tí ìpàdé ààbò bá bẹ̀rẹ̀ kí ẹnì kan tó dìde, kó ní kí wọ́n lé gbogbo àwọn tó ń sun ọjà kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ará oko tí ìbẹ̀rù yìí gan-an lé wọ ìlú. Bí a bá lé wọn, ilé àkọ́kùtì ni wọ́n ń lọ, níbi tí ọdẹ kò ti ní rí wọn, tí àwọn náà kò sì ní rí ọdẹ ké sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń sun ọjà ló máa ń mọ ọkọ̀ àjèjì tó wọlé lóru. Ní oṣù Kejìlá 2020, ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà, tó wà ní Arusha, sọ ọ́ gbangba pé òfin tó ń sọ àìnílé àti àìníṣẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kò bá ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ Áfíríkà mu.

Báwo wá ni ìbéèrè ìlú ṣe ń di iṣẹ́? Ìpàdé ọ̀dọ̀ ọba àti ti ìjókòó ẹgbẹ́ kò le. Ibi tó le ni àárín tábìlì akọ̀wé káńsù àti ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì. “Ẹ ràn wá lọ́wọ́ lórí ààbò” kò lè wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, nítorí kò ní iye, kò sì ní ibi tí a ó fi sí. Ṣùgbọ́n iná sólà mẹ́fà sí ọjà, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú ṣáláńgá lórí ilẹ̀ báyìí, iye owó rẹ̀ rèé, ìyẹn lè wọlé. Kí wọ́n tó kọ ọ́, ó dára kí ìyálọ́jà àti ọdẹ jọ ka àwọn tó ń sùn níbẹ̀ lóru, kí wọ́n béèrè ibi tí kálukú ti wá. Àwọn náà sì ni kí a bi pé kí ni wọ́n fẹ́.

Ẹ̀dà méjì ni lẹ́tà tí wọ́n bá fi béèrè lọ́wọ́ káńsù gbọ́dọ̀ jẹ́. Wọn a gba ọ̀kan wọlé, wọn a lu òǹtẹ̀ mọ́ ìkejì pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. Lẹ́tà tí kò ní ẹ̀dà olóǹtẹ̀ dà bí ẹrù tí a fi rán awakọ̀ ní gáréèjì láìgba nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀. Bó dé, bí kò dé, bó já a sí ọ̀nà Obajana, kò sí ẹni tí a ó dì mú, gbogbo awakọ̀ ni yóò ní òun kọ́ ló gbé e. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà tirẹ̀, kó lè gbé e dìde nígbà tí wọ́n bá ń jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Kí ọdún tó parí ni gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, torí oṣù Kìíní ni ìnáwó tuntun ń bẹ̀rẹ̀.

Àbùkù ètò náà wà nínú owó. Abala 162 ìwé òfin 1999 ló dá àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti káńsù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ alága sì ń fi dáhùn pé owó kò dé ọwọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ bá káńsù tààrà. Ìmúṣẹ rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n àwáwí náà kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí ìlà náà bá wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ kò sì bẹ̀rẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè iye tí wọ́n ná lórí rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti fèsì, kò sì pọn dandan kí ẹni tó béèrè sọ ìdí tó fi fẹ́ mọ̀.